Àwọn Yaksha àti Ère Òkúta Àkọ́kọ́ ní Íńdíà Àtijọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ta ni à ń pè ní Yaksha?

Yaksha ni orúkọ tí àwọn ará Íńdíà àtijọ́ ń pe àwọn ẹ̀mí tí ń gbé inú igi, etí odò, orí òkè, oríta àti ẹ̀yìn odi ìlú. Akọ wọn ni Yaksha, abo wọn ni Yakshi tàbí Yakshini. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀: èyí tí ń ṣọ́ ìlú kan kọ́ ni ó ń ṣọ́ ìlú kejì, orúkọ wọn kò dọ́gba, ohun tí wọ́n sì ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó wá bọ wọ́n kò jọra. Ọba gbogbo wọn ni Kubera, tí wọ́n tún ń pè ní Vaishravana, olówó tó ni gbogbo ìṣúra abẹ́ ilẹ̀, tí ìlú rẹ̀, Alaka, wà ní òkè Kailasa ní ìhà àríwá. Ohun tí àwọn ènìyàn ń tọrọ lọ́dọ̀ wọn ni ọmọ, owó, ìlera, òjò lásìkò, àti kí ẹni tó jáde lọ sí ìrìn àjò padà wálé láyọ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ wọn fi ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ mọ ìtàn iṣẹ́ ọnà ni pé, nínú gbogbo ère òkúta ńlá ní àwòrán ènìyàn tó ṣẹ́ kù láti ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ ní Íńdíà, tí ó dá dúró fúnra rẹ̀ tí ènìyàn sì lè rìn yí i ká, àwọn ẹ̀mí ìlú wọ̀nyí ló ṣáájú. Ère Vishnu àti Shiva, àwọn òrìṣà ńlá ilẹ̀ náà, àti ti Buddha, olùdásílẹ̀ ẹ̀sìn Buddha, dé ẹ̀yìn wọn.

Ṣé ẹ̀mí búburú ni wọ́n?

Wọ́n le, wọ́n sì ń ṣoore. Ọwọ́ tí ènìyàn bá fi mú wọn ni wọ́n fi ń mú olúwarẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà wọ́n sí ànjọ̀nú ni pé ọwọ́ àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn ni ìtàn wọn ti bá wa. Àwọn tí ń bọ Yaksha kò fi ìwé kankan sílẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn Buddha, àwọn ẹlẹ́sìn Jain àti àwọn àlùfáà Brahmin ló kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, kálukú sì kọ ọ́ bí ó ṣe bá ti ẹ̀sìn tirẹ̀ mu.

Ẹ wo ìtàn Hariti. Yakshi tí ń jẹ ọmọ ọlọ́mọ ní ìlú Rajagriha ni, bẹ́ẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ sì bí 500 ọmọ. Nígbà tí igbe àwọn ìyá pọ̀, Buddha mú àbíkẹ́yìn rẹ̀, Priyankara, ó fi í pamọ́ sábẹ́ abọ́ tí ó fi ń tọrọ oúnjẹ. Hariti wá ọmọ náà títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó sì fi ẹkún tọ Buddha lọ. Buddha bi í pé, bí ẹni tó ní 500 bá lè sunkún báyìí nítorí ọ̀kan ṣoṣo, báwo ni ti ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan tí ìwọ sì pa á jẹ? Láti ọjọ́ náà ni Hariti ti di alábòójútó ọmọdé, àwọn ọmọlẹ́yìn Buddha sì ṣèlérí láti máa gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un lójoojúmọ́. Bí ẹ bá fi ara balẹ̀ wo ìtàn náà, ẹ ó rí i pé wọn kò pa Yakshi náà, wọn kò sì lé e lọ. Wọ́n fún un ní iṣẹ́ tuntun, wọ́n sì ń bọ ọ́ nìṣó.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ààbò kan tí àwọn ẹlẹ́sìn Buddha ń pè ní Atanatiya, Kubera fúnra rẹ̀ ni ó wá sọ fún Buddha pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn Yaksha kò gbà á gbọ́, nítorí pé ó ní kí ènìyàn má pànìyàn, kí ó má jalè, kí ó má purọ́, kí ó má mutí, nǹkan wọ̀nyí gan-an sì ni wọn kò fẹ́ fi sílẹ̀. Ó wá fi ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọlẹ́yìn yóò máa pè nínú igbó lé e lọ́wọ́, kí àwọn ìránṣẹ́ òun má baà dẹ́rù bà wọ́n. Èmi kò rí ibòmíràn tí ọba ẹ̀mí ti fẹjọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ sùn ní gbangba tó báyìí.

Nínú Kena Upanishad, ọ̀kan nínú àwọn ìwé mímọ́ àtijọ́ Íńdíà, ọ̀rọ̀ náà "yaksha" ga ju báyìí lọ. Àwọn òrìṣà ṣẹ́gun, wọ́n ń yangàn, ni ohun ìyanu kan bá fara hàn wọ́n, wọn kò sì mọ ohun tí Yaksha yìí jẹ́. Agni, onínáá, lọ bá a. Ó gbé ewéko kan ṣoṣo síwájú rẹ̀, Agni kò lè jó o. Vayu, alátẹ́gùn, lọ. Kò lè gbé e nílẹ̀. Brahman fúnra rẹ̀, orísun gbogbo agbára, ni ó wá ní àwòrán Yaksha. Ẹ̀mí tí wọ́n ń fi irú ọ̀rọ̀ yìí júwe kò lè jẹ́ ànjọ̀nú lásán.

Wọ́n tún fẹ́ràn àlọ́ àpamọ̀. Nínú Mahabharata, ìtàn akọni gígùn ilẹ̀ Íńdíà, Yaksha kan tó ni adágún ní kí àwọn ọmọ Pandu dáhùn ìbéèrè òun kí wọ́n tó mu omi òun; mẹ́rin kọ̀, wọ́n mu, wọ́n ṣubú lulẹ̀. Yudhishthira, ẹ̀gbọ́n wọn, ló dúró. Kí ló yára ju ẹ̀fúùfù lọ? Ọkàn. Bí ó ṣe ń dáhùn lọ nìyẹn títí àwọn àbúrò rẹ̀ fi jí.

Báwo ni ojúbọ wọn ṣe rí?

Lọ́pọ̀ ibi, igi ni ojúbọ: igi pípẹ́ kan, tí í sábà jẹ́ pipal tàbí irú igi ọ̀pọ̀tọ́ mìíràn, pẹ̀lú òkúta pẹlẹbẹ kan ní ìdí rẹ̀ tí wọ́n ń gbé ẹbọ lé. Wọ́n máa ń fi òdòdó, tùràrí, iná, oúnjẹ àti ọtí bọ wọ́n, àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn le sì ń gba ẹran. Wọ́n ń so aṣọ mọ́ ẹ̀ka igi, wọ́n sì ń fi àmì ọwọ́ aláwọ̀ sí ara rẹ̀.

Ìwé mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Jain kan ṣàpèjúwe ojúbọ Yaksha Purnabhadra lẹ́yìn ìlú Champa. Ó ní agboorùn àti àsíá wà níbẹ̀, agogo wà níbẹ̀, ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi ìyẹ́ ọ̀kín ṣe wà níbẹ̀. Wọ́n fi ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀ rẹ̀, àmì ọwọ́ tí wọ́n fi igi olóòórùn dídùn tí a lọ̀ tẹ̀ wà lára ògiri, òdòdó wà nílẹ̀ káàkiri. Àwọn eléré, oníjó, àwọn tí ń ja ìjàkadì, àwọn apàtàn àti àwọn oníròyìn ló máa ń kún ibẹ̀. Ojúbọ tí ó jẹ́ pápá ìṣeré ìlú ni, ibẹ̀ náà sì ni Mahavira, olùkọ́ni àwọn ẹlẹ́sìn Jain, máa ń dé sí nígbà tí ó bá wá wàásù. Bákan náà ni Buddha máa ń sùn sí ojúbọ Yaksha nínú ìrìn àjò rẹ̀. Ẹni tí kò ní ilé yóò sùn síbi tí òrùlé bá wà.

Ìtàn tó fi bí nǹkan ṣe rí hàn jù lọ ni ti Sujata. Obìnrin yìí ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún ẹ̀mí inú igi kan pé bí òun bá rí ọkọ rere fẹ́, tí òun sì fi ọmọkùnrin ṣe àkọ́bí, òun yóò wá san án. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ ohun tó tọrọ. Ó se ìrẹsì pẹ̀lú wàrà, ó bù ú sínú àwo wúrà, ó sì gbé e lọ sí ìdí igi náà. Ẹni tí ó bá níbẹ̀ ni Gautama, tí ó jókòó láìtíì di Buddha, tí ara rẹ̀ ń tàn. Sujata rò pé ẹ̀mí igi náà ló jáde wá fúnra rẹ̀ láti gba ẹbọ, ó sì gbé àwo náà fún un. Oúnjẹ tí Buddha jẹ kẹ́yìn kí ojú rẹ̀ tó là, ẹbọ Yaksha ni.

Kí ló dé tí kò sí ère òkúta ńlá ṣáájú ti àwọn Yaksha?

Àwọn tí ń ṣe ẹ̀sìn Veda, ẹ̀sìn àtijọ́ àwọn àlùfáà Brahmin, kò bọ ère: iná ni wọ́n ń dá, orin ni wọ́n ń kọ, ìta gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é, tí wọ́n bá sì parí, wọn a tú pẹpẹ náà ká. Àwọn ará ìlú tí ń bọ Yaksha ní tiwọn ń lo igi àti amọ̀, méjèèjì kò sì lè dúró pẹ́ níwájú ikán àti òjò. Ẹ̀rí pé àwọn agbẹ́gilére ti wà tipẹ́ kí òkúta tó dé wà lára àwọn ọgbà òkúta àtijọ́ fúnra wọn. Ní Sanchi, níbi tí òkìtì mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Buddha kan wà, wọ́n ki òkúta ìdábùú bọ inú ihò òpó gẹ́gẹ́ bí káfíńtà ṣe ń ki igi bọ igi, bẹ́ẹ̀ òkúta kò nílò irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ rárá. Ọwọ́ kò tíì gbàgbé iṣẹ́ tó mọ̀. Lára ẹnubodè gúúsù ní Sanchi kan náà, wọ́n fín in síbẹ̀ pé àwọn tí ń gbẹ́ eyín erin ní ìlú Vidisha ló ṣe apá ibẹ̀.

Ọba Ashoka, tó jọba láti nǹkan bí ọdún 268 títí di 232 ṣáájú ìbí Kristi, ni ó sọ òkúta di ohun tí àwọn alágbára ń lò. Ó gbé òpó gíga dúró káàkiri ìjọba rẹ̀, òkúta oníyanrìn Chunar ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì fi ọwọ́ dán wọn títí wọ́n fi ń kọ mọ̀nà bíi dígí. Nígbà tí ojú àwọn ènìyàn ti là sí ohun tí òkúta lè ṣe, kò yani lẹ́nu pé àwọn olówó ìlú fẹ́ kí ẹ̀mí tí ń ṣọ́ wọn ní ara tí kò lè jẹrà.

Èwo ni ère Parkham, kí ló sì dé tí gbogbo ènìyàn ń dárúkọ rẹ̀?

Parkham jẹ́ abúlé kan nítòsí Mathura, ìlú kan ní àríwá Íńdíà. Alexander Cunningham, ará Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ olórí àkọ́kọ́ fún àjọ tí ń ṣèwádìí ohun àtijọ́ ní Íńdíà, ló kọ ìròyìn ère náà ní nǹkan bí ọdún 1882. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ní Mathura ló wà báyìí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n gbẹ́ ẹ.

Ó ga ju mítà 2.5 lọ. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀, àyà ère ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bá. Apá rẹ̀ méjèèjì ti gé, ojú rẹ̀ ti há dànù débi pé imú àti ẹnu kò hàn mọ́, síbẹ̀ ìdúró rẹ̀ kò yẹ̀. Eékún òsì tẹ̀ díẹ̀. Ọrùn nípọn, èjìká gbòòrò, ikùn yọ síwájú bíi ti ẹni tó ti jẹun yó, tí kò sì jẹ gbèsè ẹnikẹ́ni. Aṣọ tó ró dé kókósẹ̀, ọ̀já kan sì di ìbàdí, òmíràn di abẹ́ àyà. Ó fi ohun ọ̀ṣọ́ wíwúwo sọ́rùn, wájawàja rẹ̀ sì já sí ẹ̀yìn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ: iwájú ni agbẹ́kùúta náà rò, nítorí iwájú ni olùbọ yóò dúró sí.

Lórí ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀, ní ọwọ́ ìkọ̀wé Brahmi, wọ́n fín in pé Gomitaka, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ Kunika, ló ṣe é. Ọ̀pọ̀ tó ka ìyókù rí orúkọ Manibhadra níbẹ̀, Yaksha tí àwọn alájàpá ń ké pè. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé Yakshi kan tún wà ní agbègbè Mathura kan náà, ní Jhinga-ka-Nagara, tí àkọlé rẹ̀ sọ pé Naka ló gbẹ́ ẹ, tí òun náà jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ Kunika. Ẹ̀mí méjì, ọmọ iṣẹ́ méjì, ọ̀gá kan ṣoṣo. Kunika ní láti ní búkà iṣẹ́ tó ń gba ìbéèrè láti abúlé sí abúlé.

Ta ni ń sanwó àwọn ère wọ̀nyí?

Ẹgbẹ́ ni, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ọba. Ní Pawaya, nítòsí Gwalior, ère Manibhadra kan wà tí orí rẹ̀ ti já, tí ó sì di àpò owó mú lọ́wọ́ òsì. Àkọlé rẹ̀ sọ pé ẹgbẹ́ àwọn olùfọkànsìn Manibhadra ló dáwó jọ gbé e kalẹ̀ ní ọdún kẹrin tí ọba Shivanandi wà lórí ìtẹ́, orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti lọ́wọ́ nínú èésú tàbí àjọ rí yóò mọ ìdí tí wọ́n fi rí i dájú pé orúkọ kálukú wọ ibẹ̀.

Kí ni àwọn Yakshi ń ṣe lára igi?

Ní Bharhut, ní àárín gbùngbùn Íńdíà, òkìtì mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Buddha kan wà tí wọ́n fi ọgbà òkúta pupa yí ká ní ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Kristi. Cunningham débẹ̀ ní 1873, ó bá a pé àwọn ará abúlé ti kó ọ̀pọ̀ òkúta rẹ̀ lọ kọ́lé. Èyí tó ṣẹ́ kù wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní Kolkata. Àwọn òpó rẹ̀ ni ìwé orúkọ tó dára jù tí a ní, nítorí pé wọ́n fín orúkọ ẹ̀mí kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: Kupiro, èyí tí í ṣe Kubera, Suchiloma, Ajakalaka, Chanda, Sudasana, Sirima, Chulakoka.

Chanda ni kí ẹ wò dáadáa. Ó fi apá kan gbá igi olódòdó mọ́ra, ó fi ẹsẹ̀ kan wé ìdí igi náà, ó sì na ọwọ́ kejì sókè di ẹ̀ka mú. Bẹ̀bẹ̀ ọlọ́pọ̀ ìlà yí ìdí rẹ̀ ká, ẹ̀gbà kún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, irun rẹ̀ tí wọ́n dì já sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n gbàgbọ́ ní Íńdíà pé igi ashoka kì í tanná títí obìnrin arẹwà yóò fi fi ẹsẹ̀ kàn án. Nítorí náà, nígbà tí Yakshi bá rọ̀ mọ́ igi, àwọn méjèèjì ló jọ ń so èso. Lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn agbẹ́kùúta fẹ́ fi hàn bí Maya ṣe bí Buddha ní Lumbini, tí ó di ẹ̀ka igi sala mú, ìdúró Yakshi yìí gan-an ni wọ́n gbé fún un.

Ohun kan wà ní Bharhut tí kò gbọdọ̀ fo ojú yín. Buddha fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀ ní àwòrán ènìyàn: igi, àpá ẹsẹ̀, kẹ̀kẹ́ tàbí àga òfìfo ni wọ́n fi dúró fún un. Ẹni tí wọ́n kọ́ ibẹ̀ fún kò ní ara, àwọn ẹ̀mí ìlú tó wá ṣọ́nà fún un ló ní ara, aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀.

Ṣé Yakshi ni obìnrin Didarganj lóòótọ́?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1917, ní Didarganj, létí odò Ganga ní ìlú Patna, òkúta kan yọ jáde nínú ẹrẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, àwọn ènìyàn ti ń fọ aṣọ lórí rẹ̀ tipẹ́, títí ejò kan fi wọ abẹ́ rẹ̀ tí wọ́n sì gbẹ́lẹ̀ wá a. Ohun tí wọ́n hú jáde ni obìnrin kan tó tó ènìyàn ní ìdúró, òkúta Chunar, tó ń dán lára bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró pa á. Apá òsì rẹ̀ ti gé. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di ìrùkẹ̀rẹ̀ mú lé èjìká. Ìṣẹ́po ara tín-ín-rín wà ní ọrùn rẹ̀ àti lókè ìdodo, bí ó ṣe ń rí lára ènìyàn ẹlẹ́ran ara, dídán òkúta náà kò sì bò ó mọ́lẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò gbé e sábẹ́ àtíbàbà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ ọ́. Láìpẹ́, E. H. C. Walsh tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àti D. B. Spooner tó jẹ́ awalẹ̀pìtàn dé. Wọ́n ní ìrùkẹ̀rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fi hàn pé ìránṣẹ́ ni, kì í ṣe òrìṣà, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni máa bọ ọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ó yẹ kí Yorùbá mọ̀ pé ìrùkẹ̀rẹ̀ tí ọba ń mú fúnra rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ ẹmẹ̀wà ló ń wà lọ́dọ̀ wọn, òun ló ń fì í fún ọba tàbí fún òrìṣà. Ní ti èyí, Spooner kò ṣì í. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé àwọn tó gbé òdòdó síwájú obìnrin náà ṣe ohun tí àwọn baba ńlá wọn ti ń ṣe ní etí odò kan náà fún ẹgbẹ̀rún ọdún méjì, pẹ̀lú ẹ̀mí tí ìwé kankan kò dárúkọ.

Àríyànjiyàn tó kù wà lórí ọjọ́ orí rẹ̀. Àwọn kan fi dídán rẹ̀ sọ pé ìgbà Ashoka tàbí lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀ ni. Àwọn mìíràn fi ìdúró àti ìgbẹ́ ara rẹ̀ wé ti Mathura, wọ́n sì gbé e sí ọ̀rúndún kìíní tàbí ìkejì lẹ́yìn ìbí Kristi. Bihar Museum ní Patna ni ó wà nísinsìnyí.

Ère Patna méjì mìíràn, tí wọ́n wà ní Kolkata, ti dá irú ìjà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ní 1919, K. P. Jayaswal sọ pé ọba àtijọ́ méjì ni wọ́n. Àwọn tó ta kò ó tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fín sí ẹ̀yìn wọn, tí wọ́n kà "yakhe" nínú rẹ̀, èrò tiwọn ló sì borí.

Àwọn Naga ń kọ́?

Naga ni ẹ̀mí ejò tó ni omi, kànga àti adágún. Èyí tó lókìkí jù ni ti Chhargaon, tó wà ní Mathura: ọkùnrin gìrìwò kan tí ejò olórí méje na agbárí lé lórí, tí ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè bí ẹni fẹ́ la nǹkan mọ́lẹ̀. Àkọlé rẹ̀ sọ pé àwọn ọ̀rẹ́ méjì, Senahasti àti Bhonuka, ló gbé e kalẹ̀ sí etí adágún tiwọn ní ọdún 40 ìgbà àwọn ọba Kushan, tí wọ́n jọba lórí àríwá Íńdíà nígbà náà, pé kí inú Naga náà dùn. Nínú ìtàn Krishna, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà ńlá Íńdíà, ijó ni Krishna jó lórí ejò Kaliya títí tó fi lé e kúrò nínú odò Yamuna.

Ṣé òótọ́ ni pé ara Yaksha ni wọ́n fi gbẹ́ Buddha?

Alfred Foucher, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún pé àwọn agbẹ́kùúta tó kọ́ iṣẹ́ Gíríìkì ní Gandhara, ilẹ̀ kan ní ìhà àríwá ìwọ̀ oòrùn Íńdíà àtijọ́, ló kọ́kọ́ fún Buddha ní àwòrán ènìyàn. Ananda Coomaraswamy dá a lóhùn ní 1927 pé Mathura ní Buddha tirẹ̀ tí kò jẹ Gíríìkì ní gbèsè, pé ara Yaksha ló ti wá. Lónìí, ọ̀pọ̀ gbà pé ibi méjèèjì ń gbẹ́ ère ní nǹkan bí àkókò kan náà.

Ẹ̀rí Coomaraswamy wà ní Sarnath, níbi tí Buddha ti kọ́kọ́ wàásù. Ère kan wà níbẹ̀ tí ọmọlẹ́yìn Buddha kan tó ń jẹ́ Bala gbé kalẹ̀ ní ọdún kẹta ìjọba Kanishka, ọba Kushan, ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Kristi. Òkúta pupa Mathura ni, wọ́n sì ní láti gbé e láti Mathura wá. Ó ga ju mítà méjì lọ, ó dúró gbagidi, èjìká rẹ̀ gbòòrò, ó fi ọwọ́ òsì tó dì ní ẹ̀ṣẹ́ ti ìbàdí. Kìnnìún kékeré kan wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, agboorùn òkúta kan sì wà lókè rẹ̀. Bodhisattva, ìyẹn ẹni tí yóò di Buddha, ni àkọlé rẹ̀ pè é. Bí ẹ bá gbé àwòrán rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Parkham, tí ẹ bá yọ ikùn ńlá náà kúrò, ẹ ó rí i pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Àwọn agbẹ́kùúta Mathura ti mọ bí ẹni agbára ṣe ń dúró. Ẹni tuntun ló wá bá wọn pé kí wọ́n gbẹ́ òun.

Ṣé a lè pè wọ́n ní òrìṣà tàbí iwin ní èdè Yorùbá?

Mo yan "ẹ̀mí" lójú ìwé yìí pẹ̀lú èrò. "Iwin" mú ẹ̀rù lọ́wọ́ jù, "òrìṣà" sì gbé wọn sí ipò tí Vishnu àti Shiva wà. Bí mo bá gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan, "ẹbọra" ló sún mọ́ ọn jù, nítorí pé ẹbọra náà ní ibùdó, ó ní ìwà, ó sì ń gba nǹkan. Èdè nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí o. Kò sí ìtàn kankan tó so ilẹ̀ méjèèjì pọ̀ nínú ìsìn yìí.

Níbo ni mo ti lè rí wọn láìlọ sí Mathura?

Kolkata ló ní Bharhut, ó ní Yakshi tí wọ́n rí ní Besnagar nítòsí Vidisha, ó sì ní àwọn Yakshi tí wọ́n rí ní Bhuteshvara ní Mathura, tí wọ́n gún àràrá mọ́lẹ̀. Ní Vidisha, Kubera kan wà tó ga ju mítà mẹ́ta lọ. Ẹni tó wà ní London lè wo Yakshi kan láti Sanchi ní British Museum, ẹni tó wà ní Boston sì lè wo òmíràn ní Museum of Fine Arts ibẹ̀. Ara ẹnubodè ni wọ́n ti já méjèèjì, nítorí náà, kí ẹ fojú inú so igi tí wọ́n rọ̀ mọ́ padà.

Ṣé ìsìn Yaksha ti parẹ́?

Ó ti wọ inú àwọn ẹ̀sìn mìíràn. Àwọn ẹlẹ́sìn Jain fún olùkọ́ni wọn kọ̀ọ̀kan ní Yaksha àti Yakshi tí ń tẹ̀ lé e, wọ́n sì ń bọ Padmavati àti Ambika títí di òní. Kubera bá ẹ̀sìn Buddha dé Japan, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Bishamonten, Hariti náà sì di Kishimojin níbẹ̀, tí àwọn ìyá ń gbàdúrà sí nítorí ọmọ. Ní Bangkok, àwọn òmìrán tí ń ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà tẹ́ńpìlì Wat Phra Kaew ṣì ń jẹ́ "yak".

Ní New Delhi, nígbà tí ilé-ìfowópamọ́ àpapọ̀ Íńdíà ń wá ohun tí yóò gbé sí ẹnu-ọ̀nà rẹ̀, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ Ramkinkar Baij. Ó wo ère Parkham fún akọ, ó wo ti Besnagar fún abo, ó sì gbẹ́ Yaksha àti Yakshi ràbàtà méjì, akọ fún iṣẹ́ ẹ̀rọ, abo fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọ̀kan wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan wà lápá òsì ẹnu-ọ̀nà, àpò owó sì wà lọ́wọ́ Yaksha náà.